Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tó kọ̀ tí kò gbéra: Kí òbí tó sọ ọ́ nù, kó kọ́kọ́ tọpa ibi tí agbára ti já

Àwọn àgbàlagbà tó dàgbà sí Ìlaròó àti Ìdógò ṣì máa ń sọ ìtàn rélùwéè fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n á ní ojú irin ńlá tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí lóṣù kẹta ọdún 1901, ní ẹ̀ka kan tó yà ní Ifọ̀, tó gba Ìlaròó kọjá, tó sì parí sí Ìdógò. Ẹ̀ka yìí ló ń bá àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yewa kó irè oko wọn lọ sọ́nà Èkó. Lónìí, ọmọ Ìlaròó tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn ní láti jáde nílùú lọ sí Pápáláńtò, níbi tí ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn lọ́dún 2021 ti ní ibùdókọ̀.

Nítorí èyí, fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ìlaròó, ní Ayétòrò àti láwọn ìlú tó sún mọ́ ẹnubodè, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn kàn ni ti ìṣeré, èyí tó ń lo rìmóòtù. Ó lè jẹ́ pé Kútọnu ni bàbá ti rà á bọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n màmá ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ó sì lè jẹ́ tòkúnbọ̀ tí wọ́n rí he láàárín ẹrù lọ́jà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa rọ́ wá wò ó. Bó bá wá di ọjọ́ kẹjọ, tí ọmọ tẹ rìmóòtù títí, tí ọkọ̀ kò mira, ẹkún ló máa ń kù. Àwọn kan á ní kí wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mìíràn á ní ayédèrú ni, kí wọ́n jù ú sínú àpò ìdọ̀tí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń sọ nù kò tíì kú rárá. Bátìrì tó ti rẹ̀, irin tó dógùn-ún, irun tó wé mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tàbí rìmóòtù tí kò bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ ló sábà máa ń dá a dúró. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí agbára ń gbà dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè rí ibi tí ọ̀nà náà ti já láàárín wákàtí kan, láìná ju owó bátìrì lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó dára jẹ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé ó lè fi ọmọ sínú ewu.

Ìrìn àjò méjì tó ń pàdé nínú ọkọ̀

Kí ọkọ̀ onírìmóòtù tó lè gbéra, ìrìn àjò méjì ló gbọ́dọ̀ parí dáadáa. Ìrìn àjò kìíní ni ti agbára. Ó máa ń gbéra láti inú bátìrì, á gba súwíìsì kọjá, á tẹ̀ lé wáyà dé páńẹ̀lì kékeré tó wà nínú ọkọ̀, láti ibẹ̀ á bọ́ sínú mọ́tò kékeré oníná, mọ́tò á yí gíà, gíà á sì yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìrìn àjò kejì ni ti àṣẹ. Ìka ọmọ ló máa tẹ bọ́tìnnì, rìmóòtù á ju àṣẹ sínú afẹ́fẹ́, páńẹ̀lì inú ọkọ̀ á gbà á, á sì ṣí ọ̀nà fún agbára láti kọjá lọ sínú mọ́tò.

Bí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra ní Ifọ̀ kò bá dé Ìdógò, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í hú gbogbo ojú irin náà tu. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá ó dé Ìlaròó. Bó bá dé Ìlaròó, ó dájú pé láàárín Ìlaròó sí Ìdógò ni wàhálà wà. Bí kò bá dé ibẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ni kí wọ́n wò. Bákan náà ni ti ọkọ̀ ìṣeré yìí. Ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí èèyàn máa yẹ̀ wò, kó sì máa bi ara rẹ̀ pé, ṣé agbára dé ibí?

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ohun ìṣeré nìkan. Orí ọkọ̀ rélùwéè tó ń lo dísù, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, ń gba ọ̀nà tó jọ èyí. Ẹ́ńjìnnì dísù máa ń yí jẹnẹrétọ̀ ńlá, jẹnẹrétọ̀ á fún àwọn mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní iná, àwọn mọ́tò yìí ló sì ń yí ẹsẹ̀ náà. Bí ìyẹn bá kọ̀, títọpa agbára láti ibùdó dé ibùdó náà ni àwọn tó ń tún un ṣe máa ń ṣe.

Ìbéèrè mẹ́ta kó tó di pé wọ́n tú u

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè kìíní ni pé, ìgbà wo ló rìn kẹ́yìn? Bó bá jẹ́ pé kò rìn rí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́ nínú páálí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rá kékeré tí ilé iṣẹ́ fi ya bátìrì sọ́tọ̀ ṣì wà níbẹ̀, tàbí pé súwíìsì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò sí lórí ON. Ìbéèrè kejì ni pé, kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó rìn kẹ́yìn? Ṣé ó já bọ́ láti orí tábìlì, ṣé omi dà sí i, ṣé wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ oníyanrìn, àbí ó ti wà nínú páálí láti ọdún tó kọjá pẹ̀lú bátìrì nínú?

Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù: kí ni ọkọ̀ náà ń ṣe báyìí? Bí iná kò bá tàn, tí kò sì dún rárá, ó ṣeé ṣe kí agbára má dé páńẹ̀lì. Bí iná bá ń tàn, tí kò sì dá rìmóòtù lóhùn, kí wọ́n wo ọ̀nà àṣẹ. Bó bá ń kùn bí oyin tí kò sì lọ, agbára ti dé mọ́tò, bóyá gíà tàbí ẹsẹ̀ ló há. Bó bá lọ díẹ̀ tó sì dúró, kí wọ́n fura sí bátìrì tàbí ojú irin tó dọ̀tí. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa níbí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Bátìrì ni àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé, "Bátìrì kọ́, iná rẹ̀ ṣì ń tàn." Àṣìṣe ńlá ni. Iná kékeré iwájú ọkọ̀ kò nílò agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò tó fẹ́ gbéra láti ìdúró máa ń fa agbára tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tó lè tan gílóòbù márùn-ún, àmọ́ tó máa ń kú fin-ín bí wọ́n bá tan fíríìjì. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè tan iná, kó má sì lè yí mọ́tò.

Ohun tó dára jù ni kí wọ́n fi bátìrì tuntun sí i, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n má ṣe da ògbólógbòó pọ̀ mọ́ tuntun. Ẹni tó bá ní mítà lè fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Bátìrì lásán tó jẹ́ tuntun máa ń fi fóltì 1.5 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ hàn. Èyí tí wọ́n ń ṣájì, tí wọ́n kọ NiMH sí lára, fóltì 1.2 ni tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mẹ́rin nínú rẹ̀ fi ń jẹ́ fóltì 4.8 dípò 6, tí àwọn ọkọ̀ kan kì í sì í fẹ́ rìn dáadáa pẹ̀lú rẹ̀.

Kí wọ́n tún wo ojú tí bátìrì kọ sí. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rin bá yí orí padà, kì í ṣe pé ti ẹyọ kan yẹn sọnù nìkan ni, ó tún ń bá ọ̀kan nínú àwọn tó kù jà. Fóltì 6 á wá di 3, ọkọ̀ kò sì ní gbéra.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wo àwọn irin kéékèèké tí bátìrì fi ẹnu kàn. Bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀ látìgbà ọdún Kérésì títí di ìgbà òjò sábà máa ń jò. Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n kọ alkaline sí lára, ohun funfun bí ìyẹ̀fun ló máa ń hù sára irin náà. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà díẹ̀ tí wọ́n fi òwú kàn, tí wọ́n sì fi nu ibẹ̀, máa ń ká a kúrò, nítorí pé ìkan inú ọsàn máa ń pa agbára ohun tó jò náà. Kí wọ́n fi aṣọ tó lọ́rinrin díẹ̀ nù ún lẹ́yìn náà, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí wọ́n tó fi bátìrì tuntun sí i. Kí ẹni tó ń ṣe é fi ọ̀rá bọwọ́, kó má sì fi ọwọ́ náà nu ojú, torí pé ohun tó jò yẹn máa ń jó ara. Bó bá jẹ́ pé irin náà kàn dógùn-ún lásán, kí wọ́n fi pépà tí àwọn káfíńtà fi ń dán pákó ha á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa dán.

Ṣé rìmóòtù ń sọ̀rọ̀, ṣé ọkọ̀ sì ń gbọ́?

Rìmóòtù náà ní bátìrì tirẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń gbàgbé nìyẹn. Iná pupa tó ń tàn lórí rìmóòtù kò fi hàn pé àṣẹ ń jáde. Bí ọkọ̀ náà bá ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lórí tàbí lábẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìyẹn. Bó bá fi ìyẹn rìn, ara ọkọ̀ le, rìmóòtù ni kí wọ́n dojú kọ.

Oríṣi rìmóòtù méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ jọ ti tẹlifíṣàn: ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí ló ń jù jáde láti iwájú rẹ̀. Irú yìí gbọ́dọ̀ kọjú sí ọkọ̀, bí nǹkan bá sì dí láàárín wọn, kò ní ṣiṣẹ́. Oòrùn tó mú gan-an tún máa ń bo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kan lè máa rìn dáadáa nínú pálọ̀, kó sì kọ̀ láti rìn nínú àgbàlá lọ́sàn-án gangan. Láti dán an wò, kí wọ́n ṣí kámẹ́rà fóònù, kí wọ́n kọjú rìmóòtù sí i, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì. Lójú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fóònù, iná kékeré máa ń hàn níwájú rìmóòtù tó ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi rìmóòtù tẹlifíṣàn tó dára dán fóònù náà wò, nítorí pé àwọn fóònù kan wà tí kì í fi ìmọ́lẹ̀ yìí hàn.

Oríṣi kejì ń lo ìgbì rédíò. Àwọn ti àtijọ́ ń lo 27 MHz tàbí 49 MHz. Bí ọmọ méjì ládùúgbò bá ní irú kan náà, àṣẹ ọ̀kan lè da ti ìkejì rú. Bí èyí tí wọ́n kọ 27 sí lára bá sì pàdé rìmóòtù tí wọ́n kọ 49 sí, wọn kò lè gbọ́ ara wọn láé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ra tòkúnbọ̀, nítorí pé rìmóòtù ọkọ̀ kan lè ti bá ọkọ̀ mìíràn wọ inú páálí. Àwọn ti òde òní ń lo 2.4 GHz, rìmóòtù àti ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ara wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ bátìrì, àwọn mìíràn máa ń gbàgbé ara wọn. Ìwé kékeré tó bá ọkọ̀ wá ló máa sọ èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ tàn nínú méjèèjì àti bọ́tìnnì tí wọ́n á tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n máa fi ìwé yẹn dáná.

Bó bá jẹ́ pé ojú irin ló ń gbé iná

Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ bọ̀ wà fún ọkọ̀ tí bátìrì wà nínú rẹ̀, tó ń rìn lórí ojú irin oníke. Irú mìíràn wà tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Märklin ní Jámánì, Hornby ní Ìlú Ọba àti Lionel ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú irin tiwọn jẹ́ irin gidi, irin náà ló sì ń gbé iná wá fún ọkọ̀. Níbí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ohun ìrìn nìkan, òun náà ló ń gba iná lára irin.

Nínú oríṣi kan tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé, ìlọ́po 87 ni wọ́n fi kéré ju ti gidi lọ. Fífẹ̀ ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ mìlímítà 1,435; bí wọ́n bá pín ìyẹn sí ọ̀nà 87, mìlímítà 16.5 ló máa kù, ìyẹn gan-an sì ni fífẹ̀ ojú irin ìṣeré náà. Èyí túmọ̀ sí pé hóró yanrìn tí kò ju mìlímítà kan lọ jẹ́ òkúta tó tó mìlímítà 87 lójú ọkọ̀ kékeré yìí. Ẹni tó bá mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe máa ń bo gbogbo nǹkan ní Ayétòrò lóṣù kìíní á mọ̀ pé ìmọ́tótó ni ìdajì ìwòsàn.

Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Kí wọ́n wá fi aṣọ tí kì í tú fọ́nrán, tí wọ́n ta sípíríìtì díẹ̀ sí, nu orí irin náà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ títí aṣọ kò fi ní gba dúdú mọ́. Kí wọ́n má fi omi wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì fi kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò ha á. Àwọn fọ́nrán irin rẹ̀ máa ń wọ inú mọ́tò, òòfà inú mọ́tò á fà wọ́n mọ́ra, wọn á sì ba ibẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí apá ibi tí wáyà ti wọ ojú irin. Bó bá rìn níbẹ̀, tó sì kú níwájú, ara ọkọ̀ le. Ibi tí irin méjì ti pàdé ara wọn ló tú. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n wò bóyá abẹ́rẹ́, owó irin tàbí ìṣó dábùú irin méjèèjì, nítorí pé ìyẹn máa ń mú kí ohun tó ń pèsè iná dá ara rẹ̀ dúró. Nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní DCC, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é. Nọ́ńbà 3 ni ọ̀pọ̀ máa ń bá jáde láti ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń pe nọ́ńbà 5, ọkọ̀ tó ń jẹ́ 3 kò ní dáhùn, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Iná Amẹ́ríkà kì í ṣe iná Nàìjíríà

Àṣìṣe kan wà tó máa ń pa irú ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọ ilé. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Kí òbí tó ki ṣájà tàbí ohun tó ń pèsè iná bọ ògiri, kó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100-240V síbi INPUT, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, kò gbọ́dọ̀ kan iná ògiri láìsí ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù láàárín wọn. Pípààrọ̀ ẹnu plọ́ọ̀gì kò yí fóltì padà.

Ti èyí tó bá ti Kútọnu wọlé yàtọ̀. Ẹnu plọ́ọ̀gì rẹ̀ lè rí róbótó, kó má sì wọ ihò ògiri Ìlaròó, ṣùgbọ́n agbára iná ilẹ̀ Benin kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n fi ń so ẹnu méjì pọ̀ ti tó fún ìyẹn. Bí ṣájà rẹ̀ bá sì sọnù, kí wọ́n má fi ṣájà fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà dípò rẹ̀ kìkì nítorí pé ẹnu rẹ̀ wọlé. Fóltì tí wọ́n kọ síbi OUTPUT àti ọ̀nà tí iná ń gbà jáde gbọ́dọ̀ bára mu.

Bí agbára bá dé mọ́tò tí ẹsẹ̀ kò yí

Bí bátìrì bá dára, tí rìmóòtù sì ń sọ̀rọ̀, ó kù sí ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tú àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn kúrò lára orí ọkọ̀, ìyẹn èyí tó ń fa àwọn tó kù. Bó bá lọ ní òun nìkan, ẹrù ló wúwo jù fún un tàbí kí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń fà há. Bí kò bá lọ, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí wọ́n sì wo ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Irun àti fọ́nrán rọ́ọ̀gì máa ń wé mọ́ ibẹ̀ bí okùn. Abẹ́rẹ́ àti sùúrù ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Kí wọ́n má fi tipátipá yí ẹsẹ̀ náà, nítorí pé gíà àwọn ọkọ̀ kan kò gbà kí wọ́n ti ìta yí i; ṣe ni eyín rẹ̀ máa kán.

Bí mọ́tò bá ń dún tí ẹsẹ̀ kò yí, ó ṣeé ṣe kí gíà oníke kan ti sán, kó sì máa yọ̀ lórí irin tó gbé e dúró. Bí kò bá dún rárá, ẹni tó lè tú síkúrù lè yọ wáyà méjì tó wọ mọ́tò, kó sì fi bátìrì kan tó jẹ́ fóltì 1.5 kàn án tààrà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí mọ́tò bá yí, òun kọ́ ló ni ẹ̀bi. Kí wọ́n padà sẹ́yìn sí wáyà, súwíìsì tàbí páńẹ̀lì. Wáyà tó já máa ń ṣe kedere, ẹni tó ń tún rédíò ṣe sì lè fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀ kíákíá. Bí mọ́tò kò bá yí, tí wọ́n sì ti fi ọwọ́ ràn án díẹ̀ síbẹ̀, òun ni kí wọ́n pààrọ̀. Èyí tí ìwọ̀n àti fóltì rẹ̀ bá bá a mu nínú ohun ìṣeré mìíràn tó ti kú lè ṣe é.

Bó bá jẹ́ pé gíà gbẹ, ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti tó. Kì í ṣe epo pupa, kì í sì í ṣe òróró tí wọ́n fi ń dín àkàrà. Òróró oúnjẹ máa ń dì bí gọ́ọ̀mù bó bá pẹ́, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ á sì burú ju gbígbẹ lọ.

Ibi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn rìmóòtù kéékèèké kan ń lo bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bí owó ẹyọ. Bí ọmọ bá gbé irú rẹ̀ mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí 2 péré. Bí òbí bá fura pé ọmọ ti gbé e mì, kó má dúró de ẹ̀rí, kó má sì gbìyànjú láti mú ọmọ bì. Ọsibítù ni kó sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ilé bátìrì tí síkúrù rẹ̀ bá ti sọnù kì í ṣe ohun tí ọmọ ń fi ṣeré títí wọ́n á fi dé e pa. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ti kú náà ṣì léwu, àgbà ló sì gbọ́dọ̀ kó o pa mọ́.

Èkejì ni bátìrì tí wọ́n kọ Li-ion tàbí LiPo sí lára. Bó bá ti wú, kí wọ́n má ṣájì rẹ̀ mọ́, kí wọ́n má gún un, kí wọ́n má sì jù ú sínú iná, nítorí pé ó lè gbiná lójijì. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń gba iná láti ara ògiri. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ iná kò gbọ́dọ̀ tú ikùn rẹ̀ wò.

Òbí tó bá pe ọmọ rẹ̀ jókòó tì í nígbà tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí, tó ní kí ọmọ sọ ibi tí agbára dé àti ibi tí kò dé, ti fún un ní ohun tó pọ̀ ju ọkọ̀ kan lọ. Ìlaròó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga pólì ti ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1979, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ. Ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí iná ti já nínú ohun ìṣeré kò ní bá ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní àjèjì. Bí ọkọ̀ náà bá wá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò, ó ṣì sàn kó wọnú páálí àlòkù, níbi tí mọ́tò, gíà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè wúlò fún òmíràn lọ́la. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.